Apá Odò

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, 1587

Mo ti pinnu rẹ̀. Láti òní lọ, èdè wa nìkan ni n ó máa fi kọ nǹkan sínú ìwé yìí. Bí mo bá ṣì í kọ, kí n ṣì í kọ. Láti kékeré tí wọ́n ti gbé mi lọ sílùú Gẹ̀ẹ́sì, sọ́dọ̀ ìyàwó àlùfáà kan ní Kẹ́ǹtì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń gbàdúrà, Látìn sì ni wọ́n fi ń nà mí nílé ẹ̀kọ́. Èdè Fílándà tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ti wá dà bíi bàtà tó bọ́ sábẹ́ ibùsùn: mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni kò tó o.

Lónìí mo ní kí Ìyá Adriaen, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú Jámánì yìí láti ọdún tó kọjá, bá mi na òwú pupa. Ohùn mi gba ibòmíràn.

"Owú pupa kẹ̀?" ni ó wí, ó sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Owú pọ̀ nílé yìí, Lieven. Pupa ńbẹ, dúdú ńbẹ. Ti ta ni kí n bù fún ọ níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n Adriaen, ọmọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí òfì fi ń mì. "Màmá, ẹ fún un ní ti ìyàwó alápatà. Ìyẹn ò lè tán láéláé."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa gbàgbé: òwú, òwú, òwú.

Ọjọ́ keje

Òjò láti ọjọ́ Àìkú. Ọkà ráì tún gbówó lórí. Ìyá Adriaen bú obìnrin tó ń tà á lọ́jà, obìnrin náà bú u padà ní èdè Jámánì. Kò sí èyí tó gbọ́ ti èkejì nínú wọn, àmọ́ àwọn méjèèjì gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Òrùlé jò. Omi wọ inú àpótí tí a ń kó àwòrán sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gé àwòrán Jákọ́bù sí, èyí tí a ń tẹ́ sábẹ́ òfì kí ọwọ́ ahunṣọ lè máa tẹ̀ lé e. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní nǹkan kan. Ti àárín, níbi tí arúgbó náà ti ń súre fáwọn ọmọ Jósẹ́fù méjèèjì, ti di ẹ̀kọ. Bàbá Àgbà Gillis, bàbá bàbá mi, gbé e sókè, ó já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó yà á ti kú sí Antwerp," ni ó wí. Ó wò mí. "Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní o mọ àwòrán yà."

"Mo mọ̀ ọ́n yà díẹ̀, Bàbá."

"Díẹ̀ ò lè bọ́ ilé yìí."

Òótọ́ ni. Ọjọ́ Máátíìnì Mímọ́, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, ni aṣọ ògiri tí a ń hun láti inú àwòrán yìí gbọ́dọ̀ wà ní gbọ̀ngàn Ọmọba Ludolf tó ń ṣàkóso níbí. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìwé tó fún wa láyè láti gbé ìlú yìí yóò parí. Ruttger, ìríjú Ọmọba, kò fi epo bọ iyọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́: "Aṣọ dára, ẹ dúró. Aṣọ ò dára, ẹ di ẹrù yín."

Bàbá Àgbà ní òun ti gbé òfì yìí gun kẹ̀kẹ́ ẹrù sá ogun kúrò ní Oudenaarde ìlú wa, òun ti gbé e sá kúrò ní Antwerp. "Bí ẹ bá tún máa gbé e, ẹ kúkú gbé èmi náà sórí rẹ̀, kí ẹ sì mú ṣọ́bìrì dání."

Ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Àgbà pè mí sídìí òfì láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná nígbà tó di èjìká mi mú. Mo rò pé iná ìdáná ni.

"Fetí sílẹ̀. Jákọ́bù kọjú sí wa. Ó gbé apá kan kọjá lórí èkejì, báyìí. Ọ̀tún fún àbúrò, òsì fún ẹ̀gbọ́n. Jósẹ́fù ń bínú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn wà nínú èyí tí omi ò bà jẹ́. Àbúrò, fi í sápá odò. Ẹ̀gbọ́n, apá agogo. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí lo gbọ́?"

"Àbúrò, apá odò. Ẹ̀gbọ́n, apá agogo."

"Ó gbọ́ èdè," ni Bàbá Àgbà wí fún Ẹ̀gbọ́n Adriaen, inú mi sì dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n fún ní oyin. Mo lọ sójú fèrèsé láti rí i dájú. Bí mo bá kọjú sí òfì, odò Ráìnì nìyẹn lápá òsì mi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lápá ọ̀tún. Ó yé mi kedere.

Mo sì rántí èyí tí Ẹ̀gbọ́n Adriaen kọ́ mi, pé ẹ̀yìn aṣọ ni ahunṣọ ń rí. Ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lórí ìwé, òsì ni yóò bọ́ sí tí a bá yí aṣọ padà. Nítorí náà ìdàkejì ni mo ń ya gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ara rẹ̀ nínú omi. Ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún, títí orí fi ń pòòyì mí. Àmọ́ mi ò ṣì í.

Ọjọ́ kọkànlá

Kì í ṣe iná ìdáná. Ibà ni. Bàbá Àgbà kò dìde.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo parí àwòrán. Ẹ̀gbọ́n Adriaen tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó yí i ká.

"Ìka ọkùnrin yìí dà bíi gbòǹgbò."

"Arúgbó ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Arúgbó ni, kì í ṣe igi." Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rán an mọ́ àárín àwọn méjì yòókù, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ òfì. Bàbá Àgbà ò tíì rí i. Nígbà tí mo gbé e wọlé tọ̀ ọ́, Màmá Oudenaarde ni ó ń pè mí, ìyá rẹ̀ tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ruttger wá. Ó sanra débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé. Ó jókòó, ó mu bíà wa, ó sọ ohun tí gbogbo ìlú ti mọ̀ bí ẹni pé àṣírí ni.

"Ọmọba mi ni àbúrò. Bàbá wọn fò Eberhard, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dá, ó gbé ìlú lé àbúrò lọ́wọ́. Eberhard ń sọ kiri pé orí arúgbó ti dàrú nígbà tó ń kú. Lọ́jọ́ Máátíìnì, gbogbo ẹbí ń bọ̀. Òun náà ń bọ̀. Ọmọba mi fẹ́ kó jókòó, kó jẹun, kó gbójú sókè, kó sì rí i pé Bíbélì pàápàá mọ̀ nípa irú èyí." Ó nu ẹnu. "Ṣé ó yé yín? Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri lẹ ń hun."

Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n Adriaen ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Ìjà ilé onílé la wá ń fi òwú hun."

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Iṣẹ́ ti dé àárín. Aṣọ Jákọ́bù, ìrọ̀rí rẹ̀, ìka onígbòǹgbò. Ohun tí a bá hun tán, a ń ká a mọ́ igi, ojú rẹ̀ sí inú. Kò sẹ́ni tí yóò rí ojú aṣọ títí ọjọ́ tí a ó gé e.

Bàbá Àgbà ni ahunjú ilé yìí. Àwọn yòókù lè hun ewé, aṣọ, àwọsánmà. Òun nìkan ló ń hun ojú èèyàn. Ṣùgbọ́n ibà ò tú u sílẹ̀, ọjọ́ sì ń lọ. Ẹ̀gbọ́n Adriaen gbé igi òwú aláwọ̀ ara, ó gbàdúrà, ó sì hun ojú àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Òógùn bò ó.

Ìyá rẹ̀ wá wò ó. "Èyí kékeré dà bíi búrẹ́dì tí kò wú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ó dà bíi búrẹ́dì. Mi ò ní ebi ò lè pa èèyàn kó jẹ ẹ́."

Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá

Ibà lọ. Bàbá Àgbà mu omi ẹja, ó bú gbogbo wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Ọjọ́ kejìlá

Mo fẹ́ kọ èyí lẹ́sẹẹsẹ, nítorí bí mo bá fò ó, mi ò ní lè padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi àti Ìyá Adriaen jókòó, ó ń rán ìbọ̀sẹ̀, mo ń ká òwú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ìtàn ilé àtijọ́ fún mi. Ìtàn rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ èdè. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá gé aṣọ tuntun ní Oudenaarde, wọ́n a gbé e kọ́ sára ògiri tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò a sì wọlé wá wò ó.

"Fèrèsé ńlá wà lápá ọ̀tún ẹni tó bá ń wò ó. Skelde ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn odò a máa fẹ́ sí ọ létí ọ̀tún, agogo a máa dún sí ọ létí òsì. Ibẹ̀ la ti ń pè é ní apá odò, apá agogo. Kódà nígbà tí a dé Antwerp, tí fèrèsé wa kọjú sí ilé ẹlẹ́dẹ̀, apá odò la ṣì ń pè é."

Ọwọ́ mi dúró. "Odò wo?"

"Odò wo kẹ̀? Skelde!"

"Kì í ṣe... kì í ṣe èyí tó wà níta yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí? Ṣé odò nìyẹn? Omi Jámánì nìyẹn."

Mo dìde. Mo mú jígí kékeré tí a fi ń yọ́ ojú aṣọ wò, mo tì í sábẹ́ òwú níbi tí wọn kò tíì ká a dé. Ọmọ kékeré nìyẹn, ó wà lápá òsì mi. Ọwọ́ kan wà lórí rẹ̀. Mo fi ojú tọ apá náà títí dé èjìká. Ọwọ́ òsì Jákọ́bù ni. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ẹ̀gbọ́n, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró ṣinṣin, a sì fi òwú tó dára jù lọ hun ún.

Jákọ́bù gbé apá kọjá ara wọn kí ó lè súre fún àkọ́bí. Ohun tí Eberhard ń sọ kiri gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Adriaen ní àgbàlá. Ó ń la igi.

"O wo ojú fèrèsé," ni ó wí.

"Mo wo ojú fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá sọ pé apá odò, o wá lọ wo ojú fèrèsé." Ó sọ àáké sílẹ̀. "Ọlọ́run Ísírẹ́lì! Ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n rán ọ lọ?"

Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "A ó dákẹ́. Apá wà lórí ara wọn, àbí kò wà? Ta ló máa dúró ka ìka?"

"Ruttger máa kà á."

"Ẹ dákẹ́ kẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà wo, Ọlọ́run ló mọ̀. "Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àkọ́bí lórí níwájú gbogbo ẹbí, kí Ọmọba má sọ pé Eberhard ló fún wa lówó? Wọn ò ní lé wa kúrò nílùú, Adriaen. Ẹni tí wọ́n bá lé ṣì ní ẹsẹ̀ tó fi ń lọ."

Ọjọ́ kẹrìnlá

A sọ fún Bàbá Àgbà. Mo rò pé yóò nà mí. Ó ní kí wọ́n gbé òun dé ìdí òfì, ó ti jígí sábẹ́ òwú, ó wò ó pẹ́.

"Níbí," ni ó béèrè, "apá òsì ni odò wà?"

"Òsì ni, Bàbá."

Ó yí orí sí fèrèsé. "Mo ti wà nílùú yìí láti ọdún kẹta. Mi ò tíì wo ibi tí odò wọn wà rí."

Ẹ̀gbọ́n Adriaen ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀: bí a bá tú gbogbo àárín, Kérésì yóò dé bá wa nídìí rẹ̀. Bí a bá tú apá Jákọ́bù nìkan, tí a sì nà án gbọọrọ láì gbé e kọjá ara wọn, ta ni yóò mọ̀ pé Jákọ́bù ni? Jósẹ́fù á wá máa bínú lásán.

Ìyá Adriaen ń wò wá, èmi àti ọmọ rẹ̀. Ó ń wò wá bí ẹni tó ń wo ẹja lọ́jà.

"Ta ló sọ fún yín pé àbúrò gbọ́dọ̀ kúrú?"

"Màmá, kí lẹ ń sọ?"

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, o ò ga ju àga lọ. Eléyìí ni àbúrò, ó ń fi orí gbá òpó. Ẹ fi ara àwọn ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ pààrọ̀ ojú. Ẹ fún èyí kúkúrú ní irùngbọ̀n, kó dàgbà. Ẹ fún èyí gíga ní ojú ọmọdé. Ọwọ́ ọ̀tún á wá wà lórí ẹni tó yẹ."

Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ojú méjì," ni ó wí nígbà tí ikọ́ dá. "Ojú méjì péré. Adriaen, tú ti búrẹ́dì yẹn kúrò níbẹ̀."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Títú òwú le ju híhun lọ. Bí ẹyọ kan bá já nínú òwú tí a ta sórí òfì, aṣọ á fà. Èmi àti Ìyá Adriaen ló ń tú u, a fi abẹ́rẹ́ ń yọ ọ́ fọ́nrán fọ́nrán. Ojú ń ro mí.

Ọjọ́ ogún

Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó jókòó, ó ń ki ọwọ́ bọ inú omi gbígbóná, kí gbígbọ̀n náà lè dín. Díẹ̀ ló ń hun, yóò sinmi, yóò tún ki ọwọ́ bọ omi. Kò fẹ́ kí n ya ojú kankan sórí ìwé. Ó ní òun ti tẹ̀ lé ìwé, òun ti rí ibi tó gbé òun dé. Ó ní kí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Adriaen dúró níwájú òun, ojú wa ni òun fẹ́ hun.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé èmi ni Éfúráímù, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n Adriaen ni Mánásè, àkọ́bí.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹ̀gbọ́n Adriaen kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Kò sí àwàdà. Kò pè mí ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Otútù. Ìrì dídì lórí kábéèjì. Ibà tún gun Bàbá Àgbà lọ́sàn-án, ó sì já òwú imú Éfúráímù. Imú mi ni. Ọ̀la la ó tún un ṣe.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A dúró fún Bàbá Àgbà láàárọ̀, ó sì sùn lọ níjòkòó pẹ̀lú igi òwú lọ́wọ́. A ò lè kúrò níbẹ̀, a ò fẹ́ jí i. Ẹ̀gbọ́n Adriaen sọ̀rọ̀ láì wò mí.

"Láti ìgbà tí mo ti lè di igi òwú mú ni mo ti wà nídìí òfì yìí. Mo ti fi ẹ̀yìn gbé e. Ní Antwerp, nígbà tí ìyàn mú, èmi ni mo ń lọ jí kábéèjì fún wọn. Ìwọ dé lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú Látìn, o ṣi odò kan mú fún òmíràn, ọwọ́ ọ̀tún sì bọ́ sórí ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe ni. Kì í ṣe pé Bàbá yàn mí."

"Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bó bá yàn ọ́, mà á bá a jà."

Mo wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó pọ̀ lẹ́nu mi. Ní èdè wa, kò sí ọ̀kan. Mo kàn ní, "Ẹ má bínú."

"Má bẹ̀ mí," ni ó wí. "Dúró dáadáa. O ti ń tẹ̀."

Ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá

Ìdílé kan láti Brabant, lápá ilé wa, dé ẹnubodè. Ìyá, bàbá, àwọn ọmọ, ibùsùn lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Wọn ò ní ìwé. Àwọn ọmọ ogun yí kẹ̀kẹ́ náà padà sójú ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ tí mò ń sọ Fílándà, ó kígbe sí mi pé, "Ọmọ ìyá mi, bá wọn sọ̀rọ̀!" Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí pé ìwé tiwa ń parí lọ́jọ́ wo.

Mo sáré bá wọn lọ lẹ́yìn odi, mo fún wọn ní búrẹ́dì tí Ìyá Adriaen rán mi rà. Ó bi mí léèrè búrẹ́dì náà, mo sọ fún un. Kò bú mi.

Ọjọ́ kẹfà

Irùngbọ̀n Mánásè ti jáde. Ó ku ojú Éfúráímù díẹ̀, ẹnu nìkan. Ọwọ́ Bàbá Àgbà kọ̀ lónìí. Ó gbé igi òwú náà na Ẹ̀gbọ́n Adriaen.

"Ìwọ parí rẹ̀."

"Bàbá, ẹ rí èyí tí mo hun níjọ́sí."

"Ìjọ́sí, ìwé lò ń wò. Àbúrò rẹ nìyí. Wò ó."

Ẹ̀gbọ́n Adriaen jókòó. Ó wò mí títí ó fi sú mi. Ó wò mí bí mi ò ṣe rí i kó wò mí rí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹnu mi.

Ọjọ́ kẹjọ

A gé aṣọ náà kúrò lórí òfì. A yí i padà. Ìyá Adriaen fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà ò wo nǹkan mìíràn, ẹnu Éfúráímù ló tẹjú mọ́.

"Ó dára," ni ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n Adriaen. Mi ò gbọ́ ọ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àwọ̀ ara ojú méjèèjì fi díẹ̀ pupa ju ti ọwọ́ Jákọ́bù lọ. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ọjọ́ kẹwàá

Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Adriaen ló gbé e lọ, tí a sì gbé e kọ́ ní gbọ̀ngàn. Ruttger lé àwọn ìránṣẹ́ jáde. Ọmọba Ludolf fúnra rẹ̀ wọlé, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀, ó dúró lẹ́yìn àga.

Ruttger sún mọ́ aṣọ náà. Ó fi ojú tọ apá kan, ó fi ojú tọ èkejì. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yí ẹ̀yìn sí ògiri, ó dúró bí Jákọ́bù, ó gbé apá rẹ̀ ńlá méjèèjì kọjá lórí ikùn, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, ó tún ń wo ọwọ́. Ká ní ibòmíràn la wà, n bá rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀tún wà lórí èyí gíga," ni ó wí. "Èyí gíga ni ẹ̀gbọ́n."

"Rárá, Ọ̀gá," ni Ẹ̀gbọ́n Adriaen wí. "Èyí kúkúrú ló ní irùngbọ̀n."

"Àbúrò wo ló ń ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ?"

"Ẹ wò wá, Ọ̀gá."

Ruttger wò wá. Ó wo ògiri. Ó tún wò wá, mo sì rí i nígbà tó yé e, nítorí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí, ó sì wá dì pa.

"Ojú yín nìyẹn! Ẹ̀yin àlejò, ẹ hun ojú ara yín sínú gbọ̀ngàn Ọmọba!"

Kò sẹ́ni tó ti ronú kàn án. Bàbá Àgbà rò ó? Mi ò mọ̀. Mo la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì ló jáde, mo pa á dé.

Ẹ̀gbọ́n Adriaen ní, "Ojú tó wà nílé la rí lò, Ọ̀gá. Àwọn ọmọ Jósẹ́fù náà, àjò ni wọ́n bí wọn sí."

Ọmọba kúrò lẹ́yìn àga. Ó wá dúró níwájú mi, ojú wa ṣe déédéé ara wọn. "Ìwọ ni àbúrò?"

"Èmi ni, Olúwa mi."

Ó yí sí Ẹ̀gbọ́n Adriaen, ó ní láti wo ìsàlẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí rẹ̀. Gbogbo ìlú ni yóò máa rí i. Kò bí ọ nínú?"

Mo gbàdúrà pé kó purọ́.

"Ó ń bí mi nínú, Olúwa mi," ni Ẹ̀gbọ́n Adriaen wí. "Ó ń bí mi nínú gan-an. Ṣùgbọ́n ilé kan náà la ń gbé, èmi ni mo sì hun ẹnu rẹ̀."

Ruttger fa èémí. Ọmọba gbójú sókè sí aṣọ náà, sí ẹ̀gbọ́n kúkúrú onírùngbọ̀n. Ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe wo èkejì lọ. Eberhard kúrú, wọ́n ní, ó sì ní irùngbọ̀n. Ẹnu Ọmọba mì, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín.

"Gbé àga ẹ̀gbọ́n mi kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ́la," ni ó sọ fún Ruttger. "Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Kí o sì kọ ìwé wọn."

"Títí di ìgbà wo, Olúwa mi?"

"Má kọ ìgbà sí i."

Ọjọ́ kejìlá

Ìwé dé. Bàbá Àgbà ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan ní Jámánì, kí n sì túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán, ó ní mo pe ọ̀rọ̀ kan bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Adriaen ní kì í ṣe ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá Adriaen gbé ọ̀bẹ, ó gé okùn ara àpótí ńlá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní láti Oudenaarde ni wọ́n ti dì í, wọn ò tíì tú u rí, nítorí ta ló ń tú ẹrù tí yóò tún dì? Aṣọ fèrèsé ilé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà tó wà ní wúńdíá. Ó gbọ̀n ọ́n lágbàálá. Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Eruku bo gbogbo wa, a ń sín, Bàbá Àgbà ń sín lórí ibùsùn.

Ó na aṣọ náà sókè, oòrùn sì ń gba ara rẹ̀ kọjá bíi ti ajọ̀. Mo rò pé yóò sunkún.

"Ẹ bá mi kọ́ ọ," ni ó wí.

Ẹ̀gbọ́n Adriaen gun àga, mi ò nílò àga. A gbé e kọ́ sójú fèrèsé. Atẹ́gùn Ráìnì ń gba inú ihò rẹ̀ wọlé, ó tutù gan-an, ó ń fẹ́ sí wa létí òsì bí a ṣe ń jẹun. Kò sẹ́ni tó dìde láti yọ ọ́.